Bí Ìjà Olólùfẹ́ Ṣe Ń Di Orin

Ní ọdún 1976, John McVie jókòó ti gìtá béèsì rẹ̀ nínú sítúdíò kan ní ìlú Sausalito, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ó ń ta á sí orin tuntun tí Christine ìyàwó rẹ̀ gbé wá. Orin náà ń yin ọkùnrin kan tó mú kí ìfẹ́ tún dùn mọ́ obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọkùnrin ọ̀hún kì í ṣe John. Ẹni tó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ olórin wọn ni. Tọkọtaya náà ti ń tú ká nígbà yẹn, Christine kò sì fẹ́ kí ariwo tún bẹ́ sílẹ̀, ló bá ní ajá òun lòun kọ ọ́ fún. ‘You Make Loving Fun’ ni wọ́n pe orin náà. John ta béèsì rẹ̀ bó ṣe yẹ kó ta á, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí yóò mọ̀ pé ilé onítọ̀hún ti dàrú.

Bí orin ìjà olólùfẹ́ bá jáde, àwa tí à ń gbọ́ ọ kì í pẹ́ di ẹbí ọkọ tàbí ẹbí ìyàwó. A á máa mi orí, a á ní, ‘Ẹ ò rí ohun tójú ẹ̀ rí!’ Gbogbo ohun tí akọrin bá ti sọ, a gbà á bí ẹni gba ẹ̀rí ní kóòtù. Àwọn kan wà tí wọn kì í gba ohunkóhun gbọ́ ní tiwọn: wọ́n ní ọgbọ́n ọjà lásán ni, pé ẹni tó ń sunkún sí máíkì ń rẹ́rìn-ín délé. Ìhà méjèèjì ṣì í gbọ́. Ìrora sábà máa ń wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí ìrora tó di orin, ẹnì kan ti jókòó tì í, ó ti yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ó ti yan ohun tí yóò fi pamọ́, ó ti wá ohùn tí yóò gbé e lé. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni àlàyé yìí dá lé.

Orin tó ní ẹnu méjì

Kì í ṣe gbogbo orin ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Orin tí ọkùnrin fi ń wá ojúure obìnrin wà, ìjà kò sí nínú ìyẹn. Orin èébú wà, tí wọ́n ń kọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èyí tí à ń sọ wà láàárín méjèèjì: ìfẹ́ kò tíì tán, àmọ́ àjọgbé ti sú wọn. Nítorí pé nǹkan méjèèjì ń jà nínú ọkàn kan ṣoṣo, orin bẹ́ẹ̀ máa ń ní ẹnu méjì. Lílé lè máa ṣépè kí ègbè máa bẹ̀bẹ̀. Akọrin lè ní kí ẹnì kejì rẹ̀ máa lọ, kó tún wá máa ka gbogbo ohun tí onítọ̀hún yóò pàdánù bó bá lọ. Ẹni tó fẹ́ kí èèyàn lọ tọkàntọkàn, ṣé á jókòó máa ka ìyẹn? Olùgbọ́ tó bá ń wá ìtàn tó tò gẹ́rẹ́ yóò ní akọrin ń tako ara rẹ̀. Ó ń tako ara rẹ̀ lóòótọ́. Bí ọkàn ẹni tó wà nínú ìjà ìfẹ́ ti rí nìyẹn.

Ohun tó tún yẹ ká yà sọ́tọ̀ ni ‘èmi’ tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin. Ó lè fara jọ ẹni tó hun ọ̀rọ̀ orin náà, ó sì lè wọ ẹ̀wù ẹni tó ń fi ohùn gbé e, síbẹ̀ kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn tán pátápátá. Wọ́n dá a ni. Wọ́n gé e kúrò lára ènìyàn gidi, wọ́n sì yọ àwọn ohun tí kò bá orin mu sọnù: gbèsè, àìsàn, àwọn ọmọ, àríyànjiyàn lórí ta ni yóò fọ abọ́.

Irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọge tó ń relé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní rárà ìyàwó. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hùmọ̀ rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin tó ṣáájú rẹ̀, ó ti fi dánra wò ní kọ̀rọ̀, ó mọ èyí tí yóò sun fún bàbá àti èyí tí yóò sun fún ìyá. Nígbà tó bá dójú ẹ̀, ìlà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sun ní èṣí lòun náà yóò sun, omi yóò sì máa dà pòròpòrò lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò ní irọ́ ni nítorí pé kíkọ́ ló kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbà tí yóò dìde láàárín agbo kó ní kó mú ẹ̀rí wá pé ilé ọkọ tó ń bẹ̀rù nínú ẹkún náà burú. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé omijé tòótọ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ lè jọ wà lẹ́nu ẹnì kan náà. Orin ìjà ìfẹ́ tó bá dùn, ibẹ̀ náà ló wà.

Ẹni márùn-ún nínú sítúdíò kan

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa dáadáa, a ní láti padà sí Sausalito, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí iṣẹ́ náà ti hàn sójú gbangba tó ibẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ẹgbẹ́ Fleetwood Mac ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967. Nígbà tó fi máa di 1976, èèyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: Mick Fleetwood onílù, John McVie oníbéèsì, Christine tó ń tẹ dùùrù tó sì ń kọrin, àti àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, Lindsey Buckingham onígìtá àti Stevie Nicks akọrin. Lindsey àti Stevie ti jẹ́ olólùfẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n wọ sítúdíò Record Plant ní oṣù kejì 1976, ìfẹ́ tiwọn náà ti ń fọ́. Ìgbéyàwó Mick pẹ̀lú ń mì. Inú ilé onípákó tí fèrèsé rẹ̀ kò pọ̀ ni gbogbo wọn há mọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò lè sá fún ara wọn, torí àwo tí wọ́n ṣe ṣáájú ti tà gan-an, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù sì ń retí òmíràn.

Lindsey gbé ‘Go Your Own Way’ wá. Ìbínú ni orin náà láti òkè délẹ̀. Ìlù rẹ̀ kò lọ gẹ́rẹ́: Lindsey fẹ́ ohun tó jọ ìlù orin kan tí ẹgbẹ́ Rolling Stones ṣe, Mick kò rí i lù bẹ́ẹ̀, ó lu ti ara rẹ̀, ìlù náà sì wá ń já síbi téèyàn kò retí rẹ̀, bí ẹni tí inú ń bí tó ń rìn kiri nínú yàrá. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀sùn kan obìnrin náà pé ìsánsá àti ọkùnrin mìíràn ló ń wù ú. Stevie ní kì í ṣe òótọ́, ó ní kó yọ ọ́ kúrò. Lindsey kò yọ ọ́. Stevie wá dúró sí ẹ̀yìn máíkì, ó gbe ègbè orin tó ń bú òun fúnra rẹ̀, ó sì ń gbè é lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ kan tí wọn kò nílò rẹ̀, Stevie rìn lọ sí yàrá mìíràn nínú ilé náà, yàrá aláwọ̀ dúdú àti pupa kan tí wọ́n ṣe fún Sly Stone olórin, tí ibùsùn ńlá kan wà nínú rẹ̀. Ó jókòó ti dùùrù oníná, ó ti ìlù kan sórí kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò fi pé, ó ti parí ‘Dreams’. Orin yìí ni àwọn èèyàn fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ pé ọkàn tó bà jẹ́ a máa tú jáde fúnra rẹ̀, pé kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Christine sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé nígbà tí Stevie kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún òun gbọ́, ó sú òun, torí ohùn dùùrù inú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Lindsey ló gbà á. Orí ohùn kan náà yẹn ló ti gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀: ó mú gìtá wọ ibi kan, ó fà á sẹ́yìn ní ibòmíràn, títí etí fi ń gbọ́ ìrìn-àjò níbi tó jẹ́ pé ojú kan náà ni dùùrù wà.

Ẹ rántí ẹni tí orin náà ń bá wí. Lindsey ni. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tún orin tó ń sọ fún un pé yóò dá wà lọ́jọ́ kan, tí yóò sì máa rántí ohun tó sọ nù. Ó tún un ṣe dé ibi pé ní oṣù kẹfà 1977, ó gun ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, òun nìkan sì ni orin ẹgbẹ́ náà tó tíì débẹ̀. Ken Caillat, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe kòkáárí ìgbohùnsílẹ̀ náà, sọ pé Stevie àti Lindsey a máa jókòó lórí àpótí láti gbe ègbè, bí téèpù bá dúró, wọ́n á máa pariwo èébú lé ara wọn lórí, bí téèpù bá tún ti yí, wọ́n á gbé ohùn sókè, á sì bá ara mu rẹ́gí. Ìjà wà, orin wà, àwọn méjèèjì sì mọ ààlà tó wà láàárín wọn.

Àwo náà jáde ní ọjọ́ 4, oṣù kejì, ọdún 1977. John ló dá orúkọ rẹ̀ lábàá, ‘Rumours’, àhesọ, nítorí ó rí i pé ara wọn ni gbogbo wọn ń kọ̀wé nípa. Ó lo ọ̀sẹ̀ 31 ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, ó gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ́dún, ó sì ti tà ju ogójì mílíọ̀nù lọ káàkiri ayé.

Wàyí o, bí a bá ní ká fi orin méjì yìí ṣe ẹ̀rí, ẹjọ́ kò ní yanjú láéláé. Ìpínyà kan náà ni wọ́n ń sọ. Nínú ti Lindsey, obìnrin ni kò gba ìfẹ́ tí wọ́n fún un. Nínú ti Stevie, ọkùnrin ló ń béèrè òmìnira, obìnrin sì rọra fún un, pẹ̀lú ìkìlọ̀. ‘Èmi’ inú ‘Dreams’ balẹ̀, ó gbọ́n, ó ti rí iwájú. Stevie tó ń pariwo lórí àpótí ìjókòó kò balẹ̀ rárá. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn, ó yàn án fún orin ni, bí Lindsey ṣe yan ìbínú. Lójú tèmi, yíyàn Stevie ló gbọ́n jù, torí pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni olùgbọ́ máa ń gbè lẹ́yìn.

Kí ló dé tí ohùn kì í sunkún?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orin ìbànújẹ́ gbọ́dọ̀ máa fà bí ìsìnkú. Ẹ gbọ́ àwọn orin tí mo dárúkọ wọ̀nyí: ijó ni wọ́n. Ìdí kan wà fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá ń sunkún, tí ohùn náà tún ń sunkún, kò sí iṣẹ́ kankan tó kù fún olùgbọ́, kò sì ní pẹ́ sú u. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń jó tí etí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń dun ọkàn, olùgbọ́ náà wọ inú ẹnu méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ara rẹ̀ ń yọ̀, ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́. Ègbè tún ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ a máa ro èrò kan ṣoṣo ní àròtúnrò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ègbè tó ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀márùn-ún sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ lẹ́yìn lílé kọ̀ọ̀kan, ó máa ń wúwo sí i.

Ọ̀rọ̀ ọkọ, ohùn ìyàwó

Ní orílẹ̀-èdè Sweden, Björn Ulvaeus àti Agnetha Fältskog, tọkọtaya nínú ẹgbẹ́ ABBA, fẹ́ ara wọn lọ́dún 1971, wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́dún 1980. Ọdún yẹn gan-an ni ‘The Winner Takes It All’ jáde. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ti pàdánù, ọkùnrin rẹ̀ ti ní ẹlòmíràn, ó dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yẹra kúrò lọ́nà kó má baà dá kún ìtìjú ara rẹ̀. Agnetha ló kọ ọ́, ojú rẹ̀ ló sì wà nínú fídíò tí Lasse Hallström yà fún un. Gbogbo ayé ní, ‘Háà, obìnrin yìí mà ń jẹ̀yà o.’

Björn ló hun ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ ló jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, tó fi ẹnu obìnrin sọ̀rọ̀, tó sì gbé e fún ìyàwó tó ń kọ̀ sílẹ̀ pé kó fi ohùn gbé e. Björn ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kò sí ẹni tó borí, kò sì sí ẹni tó pàdánù nínú ìkọ̀sílẹ̀ tiwọn. Ìmọ̀lára jẹ́ òótọ́, ìtàn jẹ́ àròsọ. Ibi tí mo ti rò pé àwọn tó ń ṣàánú Agnetha ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú nìyí: wọ́n rí obìnrin tó ń jìyà, wọn kò rí ọ̀gá akọrin tó mọ̀ pé kóun bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kóun má tètè gbé ohùn sókè. Ohùn orin náà, tí Björn àti Benny Andersson, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ABBA, jọ ṣe, kò ju gbólóhùn kúkúrú méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn sísàlẹ̀ lọ. Bí akọrin kò bá mọ ibi tí yóò ti fún un lágbára, yóò sú èèyàn kó tó dé ìlàjì.

Nígbà tí kóòtù bọ́ sínú orin

Ìgbà kan wà o, tí orin ìjà ìfẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kóòtù tààrà. Marvin Gaye fẹ́ Anna Gordy lọ́dún 1963. Ẹ̀gbọ́n Berry Gordy tó ni Motown, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí Marvin ń ṣiṣẹ́ fún, ni Anna, ó sì ju Marvin lọ ní ọdún 17. Anna gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù lọ́dún 1975. Marvin kò ní owó lọ́wọ́, ó ti ná an dànù. Lọ́yà rẹ̀ ló wá dábàá pé kó ṣe àwo kan, kí Anna mú nínú ohun tí àwo náà bá pa: 600,000 dọ́là lápapọ̀ ni wọ́n fi pàdé, 305,000 níbi owó àsansílẹ̀, ìyókù níbi èrè.

Marvin sọ pé òun kọ́kọ́ fẹ́ ṣe àwo jákujàku kan, kó ṣáà ti parí. Owó ẹlòmíràn ni yóò kúkú dì. Àmọ́ bó ṣe ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ ń dùn ún, tó ń wọ̀ ọ́ lọ́kàn, títí ó fi di àwo oníméjì, ‘Here, My Dear’, tó jáde ní oṣù kejìlá 1978. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí i: ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó, ọmọ, owó lọ́yà, àdúrà, èébú. Ọjà kò rà á nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni àwọn tó mọ orin wá ń kà á mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù.

Ohun tó jẹ mí lógún níbẹ̀ ni pé àwo yìí, tó sún mọ́ kóòtù ju gbogbo àwo mìíràn lọ, kò wúlò fún adájọ́ rárá. Nínú orin kan Marvin ń bú Anna, nínú èyí tó tẹ̀ lé e ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ibi kankan tí Anna ti fèsì. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lónìí lè mọ bí inú Marvin ti rí. Bí inú ilé wọn ti rí, kò lè mọ̀.

Ohun tí àwo lè gbà

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń pinnu irú ìjà tí a óò gbọ́, èyí tí kò kan ìfẹ́ rárá: àyè. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ ní ojú kan kí ohùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Stevie ní orin kejì nípa Lindsey, ‘Silver Springs’, orúkọ tó rí lára pátákó ojú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Maryland. Nínú èyí, kò sí ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́: obìnrin náà ń sọ fún ọkùnrin pé ohùn òun kò ní fi í sílẹ̀ láéláé. Orin náà gùn, ó sì ń fà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ‘Rumours’. Mick pe Stevie síta sí ibi ìgbọ́kọ̀sí láti sọ fún un, Stevie sì fi igbe bọnu. Ẹ̀yìn ‘Go Your Own Way’ ni wọ́n gbé e sí nígbà tí wọ́n tẹ ìyẹn jáde lórí àwo kékeré, tí èébú ọkùnrin fi wà lójú kan, tí èsì obìnrin sì wà lójú kejì, níbi tí àwọn èèyàn kì í sábà yí i sí.

Fún ogún ọdún, ẹni tó mọ ‘Rumours’ nìkan gbà pé Stevie fara mọ́ ọn, pé ó gba kádàrá. Ìṣẹ́jú tó ṣẹ́ kù lójú àwo ló fa èrò yẹn. Ní 1997, nígbà tí àwọn márààrún tún pàdé fún àwo ‘The Dance’, ó kọ ‘Silver Springs’ lójú kámẹ́rà, ó kọjú sí Lindsey, ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà sí i lójú.  Àwọn tó ń wò ó ní ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà tí orin bá kúrò lọ́wọ́ wọn

Bí orin bá ti jáde, ẹni tó ni ìjà kò ní in mọ́. Ègé béèsì tí John McVie ta sí ìparí ‘The Chain’, orin kan ṣoṣo nínú ‘Rumours’ tí orúkọ gbogbo wọn wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì fi abẹ gé téèpù lóríṣiríṣi lẹ̀ mọ́ra kó tó pé, ni BBC mú lọ́dún 1978 láti máa fi ṣí ètò eré ìje ọkọ̀ Formula One. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n sí ariwo ẹ́ńjìnnì, wọn kò mọ̀ ọ́n sí ìgbéyàwó tó fọ́.

‘Don’t Stop’ ló tún yani lẹ́nu jù. Christine ló kọ ọ́ nígbà tí òun àti John ń pínyà, ọ̀rọ̀ ìtùnú fún ọkọ tí òun ń fi sílẹ̀ ni: kó má wẹ̀yìn, ọ̀la ń bọ̀. Kò sí nǹkan tó kan ìṣèlú nínú rẹ̀. Bill Clinton sọ ọ́ di orin ìpolongo ìbò rẹ̀ lọ́dún 1992, ó wọlé, ó sì ní kí wọ́n wá kọ ọ́ fún òun níbi ayẹyẹ ìbúra ní oṣù kìíní 1993. Lindsey ti kúrò nínú ẹgbẹ́ láti 1987. Ó wá. Stevie wá. Christine jókòó ti dùùrù, John mú béèsì rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń jó sí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó kan fi ń dágbére fún ọkọ rẹ̀, tí ọkọ náà ń ta béèsì lẹ́yìn rẹ̀.